Bí asthma bá gbé ọmọdé dé ilé ìwòsàn

Bí èémí ọmọ bá há débi pé kò lè sọ gbólóhùn kan parí, atẹ́gùn ọ́síjìn ni àwọn dókítà kọ́kọ́ ń fún un, wọ́n á sì máa fi ẹ̀rọ fín salbutamol pọ̀ mọ́ ipratropium, oògùn méjì tó ń la ọ̀nà èémí, sí i nímú àti lẹ́nu ní ìṣẹ́jú 20 sí 20. Wọn kò gbọdọ̀ pẹ́ kí wọ́n tó fún un ní prednisolone, oògùn tó ń dín wíwú ọ̀nà èémí kù, nítorí ó máa ń tó wákàtí mélòó kan kí ó tó ṣiṣẹ́. Bí ara ọmọ kò bá tíì tù, wọ́n á fa magnesium sulphate, tó ń dẹ ọ̀nà èémí, sí i níṣan.

Àyà tó dákẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù: òbí lè máa dúpẹ́ pé ìró bíi súfèé tí asthma ń mú wá nínú èémí ti lọ, láìmọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni kò wọlé mọ́.