Ẹ Má Tètè Sáré Lọ sí Etíkun

Bí ọlidé bá dé, ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Ìjẹ̀bú-Òde ni í gba Ẹ̀pẹ́ kọjá tààrà lọ sí etíkun Lẹ́kkí, kí a wo ìgbì, kí a ya fọ́tò, kí a sì padà sílé. Ojú mi kò gbà pé ìyẹn tó. Inú igbó ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ etíkun wa ti bẹ̀rẹ̀, nítorí odò tí ń la igbó wa kọjá ni ó ń bọ́ ọ̀sà, ọ̀sà náà ni ó sì ń wá òkun lọ.

Igbó Omo, tí ó di igbó ọba (ìyẹn igbó tí ìjọba ń dáàbò bò) ní ọdún 1925, tí àjọ àgbáyé UNESCO sì fi kún àwọn ilẹ̀ tí ìtọ́jú ẹ̀dá inú wọn kan gbogbo ayé ní 1977, kò jìnnà sí wa. Erin ṣì ń rìn nínú rẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, kí ẹ sì bẹ ọdẹ tàbí ẹlẹ́wé-ọmọ kan kí ó bá yín lọ, ẹni tí yóò lè fi afàrà, idígbó, ọ̀gànwó àti igi ọ̀mọ̀ tí a fi ń gbẹ́ ìlù hàn yín. Ẹ óò rí igi gmelina tí wọ́n gbìn ní ẹsẹẹsẹ pẹ̀lú. Bí ẹ bá ti ìdí rẹ̀ bọ́ sínú ojúlówó igbó, ẹ fetí sí bí ohùn ẹyẹ ṣe ń pọ̀ sí i. Fún èmi, ọgbà igi tí ó dára ju èyí lọ kò sí nítòsí wa.

Ọ̀sà Lẹ́kkí ni ó wù mí jù. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 247 níbùú-lóòró, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀ kò jìn tó mítà mẹ́ta. Odò Ọ̀ṣun àti Odò Oní ń tú omi sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí omi rẹ̀ tó dé òkun, ó ní láti yí gba ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ àti ọ̀sà Èkó kọjá. Nítorí náà ni iyọ̀ kò fi pọ̀ nínú rẹ̀, tí ojúoró àti òṣíbàtà sì ń hù níbi tí òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìtòsí. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ yìí náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wá bá wa jà ní Ìmàgbọn ní 1892. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n bí wọ́n ti ń kọjá.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá lọ sí etíkun. Ìjàpá òkun a máa gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn níbẹ̀, pàápàá ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ìmọ́lẹ̀ iná sì lè mú kí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣìnà, nítorí náà ẹ má ṣe tan iná rẹpẹtẹ síbẹ̀ lóru. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé nìkan wọ omi. Bí omi bá ń fa ènìyàn lọ sí agbami, kí ó má ṣe bá a jà. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun títí agbára omi náà yóò fi dẹ̀, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀.