Bí update bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ wo firewall

Mò ń bá àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké tọ́jú kọ̀ǹpútà, Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ló sì wà lórí ọ̀pọ̀ wọn. Ẹjọ́ tí wọ́n ń pè mí sí jù ni ti update tó kọ̀ tí kò wọlé. WhatsApp ń ṣiṣẹ́, YouTube ń lọ geere, gbogbo ará ọ́fíìsì á sì máa sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, nẹ́tíwọ̀kì wà o." Òótọ́ ni, ó wà. Firewall, ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu ohun tó lè kọjá lórí nẹ́tíwọ̀kì, ni kò jẹ́ kí update kọjá.

Mo ti kọ́ láti ka ohun tí apt, irinṣẹ́ tí Ubuntu fi ń gba update, kọ sójú kọ̀ǹpútà kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. "Temporary failure resolving" ń sọ pé kọ̀ǹpútà kò tíì mọ àdírẹ́sì server (kọ̀ǹpútà tí update ti ń wá) rárá: DNS, tó ń sọ orúkọ server di nọ́ńbà àdírẹ́sì, ni kí ẹ wò, ní port 53 (port ni nọ́ńbà ilẹ̀kùn tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà kọjá). "Connection refused" ń sọ pé ẹnì kan dáhùn, ó sì ní rárá. Àmọ́ tó bá dúró títí kó tó sọ pé "Connection timed out", firewall ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ firewall ni wọ́n ṣètò láti da ohun tó dé nù láìfọhùn, bí onílé tó gbọ́ kíkan ilẹ̀kùn tó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́. Èyí tó ń tanni jẹ jù ni "403 Forbidden". Ẹ lè rò pé server Ubuntu ló lé yín, kó sì jẹ́ pé proxy iléeṣẹ́, alárinà tó ń bá yín gba nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló dá yín lóhùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń so kọ̀ǹpútà náà mọ́ hotspot fóònù mi, màá sì ṣe sudo apt update. Tó bá wọlé, kọ̀ǹpútà kò lẹ́bi. (Ẹ má ṣe upgrade níbẹ̀ o, àfi tí dátà bá pọ̀ lọ́wọ́ yín.)

Ohun kan wà tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú: Firefox ń gba update, apt kò gbà. Láti Ubuntu 21.10 ni Firefox ti ń wá gẹ́gẹ́ bí snap, ọ̀nà mìíràn tí Ubuntu ń gbà fi ètò sórí kọ̀ǹpútà láìgba ọ̀dọ̀ apt, port 443 ni snap sì ń gbà. Port 80, ti HTTP tí kì í bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ni apt ń gbà lọ sí archive.ubuntu.com ní tirẹ̀, torí pé wọ́n ti fọwọ́ sí àwọn ohun tó ń gbé wá, ó sì ń yẹ ìfọwọ́sí yẹn wò. Ọ̀gá nẹ́tíwọ̀kì tó gbọ́ pé HTTP léwu, tó wá ti port 80 pa, kò mọ̀ pé òun ti ti ilé mọ́ apt. nc -zv archive.ubuntu.com 80 á fi hàn yín bóyá port náà ṣí.

Tí ọ̀rọ̀ àṣìṣe tí snap kọ bá ní "x509" nínú, ìwé ẹ̀rí tí server fi ń sọ ẹni tó jẹ́ ni kò gbà; ẹ wo aago kọ̀ǹpútà ná. Bátìrì inú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ a máa kú, déètì á sì padà sẹ́yìn. Tí aago bá pé, ẹ ṣe curl -v https://api.snapcraft.io kí ẹ wo ìlà "issuer", ìyẹn ẹni tó fún server ní ìwé ẹ̀rí náà. Tó bá jẹ́ orúkọ firewall yín lẹ rí níbẹ̀, òun ló ń já lẹ́tà yín kà lójú ọ̀nà.

Ẹ má lọ bá ọ̀gá nẹ́tíwọ̀kì pé "ẹ bá wa ṣí firewall." Kò sí ẹni tó gbọ́n tó máa gbà. Ẹ kọ orúkọ server, port, IP kọ̀ǹpútà yín àti aago tó ṣẹlẹ̀ fún un, á rí i nínú log, ìyẹn àkọsílẹ̀ firewall. Ẹ jẹ́ kó fi orúkọ ṣí i, torí nọ́ńbà IP lè yí padà. Kó má sì gbàgbé ng.archive.ubuntu.com, tó sábà máa ń wà lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n yan Èkó fún nígbà tí wọ́n ń fi Ubuntu sí i.

Tó bá ti ṣí i, ẹ tún apt update ṣe, kí ẹ kà á délẹ̀. Apt lè sọ pé "All packages are up to date" kó sì kọ "W: Failed to fetch" ti security.ubuntu.com sábẹ́ rẹ̀. Ìlà W yẹn ni kí ẹ gbàgbọ́.