Kóró areca gan-an ló ń sọ inú ẹnu di líle

Kóró areca ni èso irú ọ̀pẹ kan tí wọ́n máa ń jẹ lẹ́nu ní Éṣíà, tí wọ́n sábà máa ń fi ewé dì pẹ̀lú ẹfun (slaked lime). Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ ẹ́ ló gbà pé bí kò bá ti sí tábà nínú rẹ̀, kò séwu. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti 2004 ni àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka kóró náà fúnra rẹ̀ mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Kó tó dórí jẹjẹrẹ pàápàá, ó lè ti sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ di líle, kí ẹnu má là dáadáa mọ́.

Kọ́lájìn ni okùn tó so ẹran abẹ́ awọ ẹnu ró. Gbogbo ìgbà ni ara ń hun tuntun, tó sì ń tú ògbólógbòó. Arecoline, èròjà kan nínú kóró náà, máa ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun ún ṣe àṣejù. Ẹfun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn tún ń sọ arecoline di arecaidine, òun náà ń ru àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn sókè. Tannin, èròjà mìíràn nínú kóró náà, ń mú kí kọ́lájìn yi, ẹ́ńsáìmù (èròjà tí ara fi ń ṣiṣẹ́) tó yẹ kó gé e kò wá rí i gé. Bàbà (copper) náà pọ̀ nínú kóró yìí, ó sì ń fi kún iṣẹ́ lysyl oxidase, ẹ́ńsáìmù tó ń so fọ́nrán kan mọ́ èkejì. Híhun ń pọ̀, títú ń dín kù: ohun tó ń dí ẹnu pa nìyẹn.

Ti inú ọ̀rá kékeré, irú gutkha àti pan masala (àdàlù kóró areca gbígbẹ tí wọ́n dì tà; tábà wà nínú gutkha), ló burú jù lójú tèmi. Ó ti gbẹ, kò sí ewé nínú rẹ̀, nítorí náà kóró inú ẹ̀kún ẹnu kan pọ̀ ju ti ìdì ewé lọ, àrùn náà sì ń tètè dé.

Ata ló sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí: oúnjẹ tí kì í ta ẹni tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jóni lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ á di funfun, ìka á máa kan okùn líle níbẹ̀, ahọ́n ò ní yọ síta tó bó ṣe ń yọ. Ẹ la ẹnu dé ibi tó lè là dé, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti etí eyín iwájú òkè sí ti ìsàlẹ̀. Bí kò bá pé mìlímítà 35, ẹ lọ rí dókítà eyín. Bí kò bá pé 15, ọ̀rọ̀ ti le gan-an. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀ lóṣooṣù.

Jíjáwọ́ ló ń dá a dúró, àmọ́ èyí tó ti le kì í sábà rọ̀ padà tán. Dókítà lè gún abẹ́rẹ́ steroid (oògùn tó ń dín wíwú kù) àti hyaluronidase (ẹ́ńsáìmù tó ń mú ẹran tó le rọ̀) sínú okùn líle náà. Wọ́n tún máa ń to igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ ahọ́n jọ sáàárín eyín, kí wọ́n máa fi ẹyọ kan kún un bí ẹnu ṣe ń là sí i. Iṣẹ́ abẹ wà fún èyí tó ti dí jù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa eré ìmárale ẹnu tì lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọgbẹ́ á tún fà á pa dé.

Ewu jẹjẹrẹ kì í lọ lọ́jọ́ tí èèyàn bá jáwọ́. Egbò tó bá ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ láìjiná, tàbí àbàwọ́n funfun tàbí pupa tí kò ṣeé nù kúrò, ẹ jẹ́ kí dókítà gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.