Ẹ wo ikùn ọmọ eku kẹ́ ẹ tó wo nǹkan míì

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tá a ti ń sin eku láàbù, kí eku ṣáà ti bímọ báyìí, wọ́n ti fẹ́ ṣí kéèjì kí wọ́n ka ọmọ. Ẹ rọra o! Abiyamọ eku tí àyà ẹ̀ bá já lè jẹ ọmọ ẹ̀ tán, pàápàá àwọn dúdú tí wọ́n ń pè ní C57BL/6 yẹn, wàhálà wọn pọ̀ jàre.

Èmi, ìta ni mo ti máa ń kọ́kọ́ wò wọ́n. Ṣé gbogbo wọn wà lójú kan nínú ìtẹ́ àbí ẹnì kan ti dá wà ní kọ̀rọ̀? Wọn ò nírun, wọn ò lè mú ara wọn gbóná, torí náà èyí tó bá dá wà yẹn máa tutù kíá.

Tó bá di pé mo fẹ́ gbé wọn, màá kọ́kọ́ gbé ìyá wọn kúrò, màá wá fi lẹ́búlẹ́bú pákó inú kéèjì wọn ra ìbọ̀wọ́ mi kí òórùn mi má lẹ̀ mọ́ wọn. Ó di ikùn. Ọmọ tí ò ju bíi gíráàmù 1 sí 1.5 lọ, awọ ẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi náílọ́ọ̀nù píọ́ wọ́tà, wàrà tó mu á máa hàn funfun lápá òsì ikùn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, tára ẹ̀ pupa, tó ń jà pìtìpìtì, ẹ dá a padà, ẹ fi í lẹ̀.

Tí ò bá sí wàrà níkùn ẹnì kankan, ìyá ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, bóyá ọyàn ẹ̀ ò wá tàbí ara ẹ̀ ò yá. Tó bá jẹ́ ẹnì kan péré, tí afẹ́fẹ́ ló kún ikùn ẹ̀, ẹ la ẹnu ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àjà ẹnu ẹ̀ là tí ò fi lè fa ọmú. Kó tó tó bí ọ̀sẹ̀ kan irun á ti bo ikùn yẹn, ìwọ̀n lẹ máa wá gbára lé.

Èyí tí ò tíì mu nǹkan kan títí ọjọ́ kejì, tára ẹ̀ ń funfun tó sì ń hun jọ, ẹ má fi síríǹjì rọ ọ́ o, wàrà yẹn tètè ń gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá jẹ́ ìyá ni ò lọ́mú, ẹ wá eku míì tó bímọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì síra wọn, ẹ fi ìtẹ́ tìyẹn ra á lára, kẹ́ ẹ tì í sáàárín àwọn ọmọ ẹ̀.