Ọwọ́ Ta Ló Wà Nínú Rọ́ọ̀kì Nàìjíríà, 1970 Sí 1979?

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ rọ́ọ̀kì Nàìjíríà tún ti dìde. Ẹ bi ẹni tó jó sí i ní Èkó pé ẹgbẹ́ wo ló ni ẹ̀wádún 1970, BLO ni yóò kọ́kọ́ pè, tàbí MonoMono. Ẹ bi ẹni tó dàgbà ní Aba tàbí Ẹnúgu, yóò ní ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí ẹ kò bá tíì dárúkọ The Wings àti The Funkees. Ẹni tó wà ní ilé ìwé girama ní 1973 yóò ní Ofege ni, kí a má jiyàn. Ẹni tó sì jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti pàdé orin náà yóò dárúkọ ẹgbẹ́ kan tí àwo rẹ̀ kò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, nítorí pé jìtá inú àwo náà ń bú ramúramù.

Kò sí ẹni tí etí rẹ̀ di nínú wọn. Ohun tó ń fa ìjà ni pé nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, oníkálukú sì rò pé òṣùwọ̀n tòun ló wà lọ́wọ́ àwọn yòókù. Ẹnìkan ń wọn òkìkí: ta ni èrò ń wọ́ tọ̀ nígbà náà? Ẹlòmíràn ń wọn iye tí àwo ń mú lọ́jà òkèèrè lónìí. Èmi, ọwọ́ ni mò ń wò: àwọn tó lu ìlù, tí wọ́n ta jìtá nínú ẹgbẹ́ yẹn, ibo ni ọwọ́ wọn tún dé lẹ́yìn ìgbà náà?

Òṣùwọ̀n ọjà òkèèrè ló ń dùn mí jù, nítorí òun ló gbilẹ̀ jù báyìí. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ Soundway ní London kó rọ́ọ̀kì Nàìjíríà ti ìgbà yẹn jọ, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ọ̀pọ̀ orin ìbá ti run. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta àwo fún ará London àti New York, jìtá tí ẹ̀rọ fuzz àti wah-wah yí ohùn rẹ̀ padà ló ń wá kiri, àti dùùrù tó ń ké tantan. Orin ìfẹ́ tí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin fi ń dì mọ́ra lórí pápá ijó kì í pọ̀ nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ka orúkọ ẹ̀yìn àkójọ yẹn, tí ẹ sì pè é ní ìtàn, ohun tí olùra àwo òkèèrè fẹ́ràn lẹ kà. Kì í ṣe ohun tí Ẹnúgu jó sí.

Àṣìṣe kejì wà tó dojú kọ èyí: kí a máa fi ẹ̀lípíì, ìyẹn àwo ńlá, nìkan dájọ́. The Hygrades, ẹgbẹ́ Goddy Oku ní Ẹnúgu, àwo kékeré ni a fi mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ka àwo ńlá nìkan yóò fò wọ́n dá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, jìtá Oku wà lára èyí tó mọ́ jù lọ tí a gbà sílẹ̀ nígbà yẹn.

Ìlà-Oòrùn ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ogun Biafra parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1970. Àwọn ọmọ ogun fẹ́ jó, àwọn ará ìlú tó ti jìyà fún ọdún méjì ààbọ̀ fẹ́ jó, bárékè sì ní jìtá àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà tí ọ̀pọ̀ olórin kò ní nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti tú yọ. Inú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun òfuurufú Biafra ni The Wings ti jáde wá. Ọdún 1974 ni ìjàǹbá ọkọ̀ pa Spud Nathan, olórí akọrin wọn, ẹgbẹ́ náà sì pín sí méjì. Ẹni tó bá ń wọn òkìkí kò gbọ́dọ̀ fi The Wings sípò kejì. Ìfẹ́ tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn ní sí ọkùnrin yẹn, n kò rò pé olórin rọ́ọ̀kì kankan ní Èkó rí irú rẹ̀.

The Funkees ní tiwọn gba London lọ láti Aba ní 1973. Àwo ńlá méjì ni wọ́n ṣe níbẹ̀: Point of No Return ní 1974, Now I'm a Man ní 1976. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n túká. Ìlù wọn le, ó sì mọ́. N kò tíì rí ẹgbẹ́ Nàìjíríà ìgbà yẹn tí báàsì àti ìlù rẹ̀ so pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Èkó wá ni ibi tí òṣùwọ̀n ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ má kọ orúkọ ẹgbẹ́ sórí ìwé. Orúkọ ènìyàn ni kí ẹ kọ, ẹnìkan lórí ìlà kan, kí ọdún wà lókè láti 1965 dé 1990. Lẹ́yìn náà kí ẹ yí ẹ̀yìn páálí àwo kọ̀ọ̀kan wò, kí ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe síbẹ̀ sí abẹ́ ọdún rẹ̀. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni orúkọ. Ẹ wo ti àwọn mẹ́ta inú BLO. Laolu Akins àti Laolu Akintobi, ẹnìkan ni. Mike Odumosu àti Gbenga Odumosu, ẹnìkan ni. Berkely ń di Berkley láti páálí kan sí èkejì. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra yóò ka èèyàn kan sí méjì, okùn yóò sì já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún náà ń tanni jẹ: èyí tó wà lára àwo tí a tún tẹ̀ lè jẹ́ ọdún àtúntẹ̀, nítorí náà ẹ wo nọ́ńbà àwo ti àkọ́kọ́. Ti ilé-iṣẹ́ àwo EMI Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NEMI, ti Decca tó wá di Afrodisia máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DWAPS, nọ́ńbà inú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gòkè bí ọdún ṣe ń lọ. Bí ọdún ẹ̀yìn páálí bá ta ko ipò nọ́ńbà náà, nọ́ńbà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà gbọ́.

Bí a bá ya àwòrán yìí, ohun kan hàn kedere. Berkely Jones tó ń ta jìtá àti Laolu tó ń lu ìlù wà nínú The Clusters. Láti ibẹ̀, wọ́n bọ́ sí Afrocollection pẹ̀lú Odumosu àti àwọn ìbejì akọrin Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream ti Ìlú Ọba nígbà kan, tó wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó ní 1971, kó wọn wọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó pè ní Salt. Ní 1972 àwọn mẹ́ta ya ara wọn sọ́tọ̀: lẹ́tà B láti ara Berkely, L láti ara Laolu, O láti ara Odumosu. BLO nìyẹn. Chapter One jáde ní 1973 lábẹ́ EMI. Odumosu fi wọ́n sílẹ̀ nígbà tó yá, ó sì lọ ta báàsì fún ẹgbẹ́ Osibisa ní London.

MonoMono ni alátakò wọn tòótọ́. Joni Haastrup, olórí wọn, ti kọrin fún Orlando Julius kó tó di pé òkìkí rẹ̀ kàn, ó sì bá ẹgbẹ́ Airforce ti Ginger Baker ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba ní 1971. Give the Beggar a Chance jáde ní 1972, Dawn of Awareness ní 1974. Baba Ken Okulolo ló wà nídìí báàsì. Tí ẹ bá ní kí n mú ẹgbẹ́ tó kọ orin tó dára jù, MonoMono ni n óò mú láìwẹ̀yìn: dùùrù Haastrup kì í yára, ó ń fún ọ̀rọ̀ láàyè, orin Yorùbá sì wà láàárín ti Gẹ̀ẹ́sì láìjẹ́ pé a fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n àwo ńlá méjì ni.

Kí ẹ tó sọ pé ìlù ẹgbẹ́ kan kò lágbára, ẹ rántí sítúdíò. Ilé ìgbasílẹ̀ EMI ní Apapa, níbi tí Paul McCartney ti wá ṣiṣẹ́ ní 1973, ẹ̀rọ téèpù ọlọ́nà 8 ló ní, ìyẹn ni pé ohùn 8 ló lè gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti Ginger Baker ní Ìkẹjà, tó ṣí lọ́dún yẹn kan náà, ọlọ́nà 16 ni. Ẹ ṣírò ọ̀nà 8 fún ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà: ìlù gba 2, báàsì 1, jìtá 1, dùùrù 1, àkúbà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ pín 1. Ó ku 2 fún gbogbo ohùn. Bí onijìtá bá fẹ́ fi ohùn jìtá kejì kún un, àfi kí a da ọ̀nà méjì pọ̀ sórí ẹyọ kan kí àyè lè ṣí sílẹ̀. Ohun tí a bá ti dà pọ̀ báyẹn kò ṣeé yà mọ́, àdàkọ kọ̀ọ̀kan sì ń fi ariwo téèpù kún un. Ìlù ni wọ́n sábà máa ń dà pọ̀, nítorí òun ló gba àyè jù. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ìlù tó jìnnà, tó dà bíi pé aṣọ bò ó, ẹ wo ibi tí a ti gbà á kí ẹ tó bú onílù.

Èkejì ni ìyára. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti orí àwo tó ti gbó ni wọ́n ti dà á kọ, lórí gírámófóònù tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti rọ̀ tàbí tí ìyára rẹ̀ kò tọ́. Bí àwo bá fi ìdá 6 nínú 100 yára jù, ohùn á gòkè ní ìdajì ìró odindi, akọrin àgbà á sì dún bí ọmọdé. Mo ti ka ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jiyàn lórí ohùn tó tín-ínrín, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń sáré. Ẹni tó ní àwo gan-an lè yẹ̀ ẹ́ wò láìná kọ́bọ̀: àwo ẹ̀lípíì gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 100 géérégé ní ìṣẹ́jú 3. Ẹ lẹ bébà pélébé mọ́ etí rẹ̀, kí ẹ gbé fóònù sí ìṣẹ́jú 3, kí ẹ sì kà á. Bí ó bá jẹ́ 103, 106, ẹ ti rí àlàyé. Fún èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá orin tí dùùrù wà nínú rẹ̀. Dùùrù iná kì í sábà rọ̀ tàbí le, àmọ́ onijìtá lè tún okùn rẹ̀ ṣe sí ibi tó bá wù ú. Bí dùùrù náà bá bọ́ sáàárín kọ́kọ́rọ́ méjì lórí píánò tiyín, ó ṣeé ṣe kí ìyára má tọ́.

Ṣé Fẹlá wọ inú àkọsílẹ̀ yìí? Rárá. Jìtá inú orin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí agogo ni, fèrè ló ń jẹ́ olórí, ó sì ní orúkọ tirẹ̀ fún ohun tó ń ṣe. Osibisa ńkọ́? London ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1969, àwọn ọmọ Gánà ló sì ṣáájú níbẹ̀. Lasisi Amao tiwa tó ń fọn fèrè níbẹ̀ kò sọ ọ́ di ẹgbẹ́ Nàìjíríà. Àwọn Lijadu ni mo máa ń ṣiyèméjì lé lórí. Àwo wọn Danger ti 1976 ní jìtá tó le ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń pe ara wọn ní rọ́ọ̀kì, ọwọ́ Biddy Wright sì ni gbogbo rẹ̀ fi kọjá. Ẹni tó bá kà wọ́n mọ́ ọn kò ṣì, àmọ́ kí ó mọ̀ pé àwọn méjì àti alábàáṣiṣẹ́ kan ni.

Ofege yàtọ̀. Ọmọ ilé ìwé St. Gregory's ní Ọbalénde ni wọ́n, Melvin Ukachi ló ṣáájú wọn, Odion Iruoje ti EMI ló sì darí àwo wọn àkọ́kọ́, Try and Love, ní 1973. Ìdùnnú inú àwo náà kò tíì gbó títí di òní. Ẹ sì yí ọ̀rọ̀ náà síbí: ta ló bá àwọn ọmọ náà ta jìtá? Berkely Jones. Òun ni lẹ́tà B nínú BLO.

Rọ́ọ̀kì kò kú nítorí pé orin náà burú. Ẹni tó ń sanwó ni kò ní. Ẹgbẹ́ jùjú ní ọlọ́jọ́ ìbí, ọlọ́mọ tuntun àti olókùú. Owó ń lẹ̀ mọ́ iwájú olórin títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì, owó ẹnu ọ̀nà ilé ijó ló ń jẹ, kò sì sí ẹni tó ń kí oríkì baba ẹnikẹ́ni nínú orin tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Nígbà tí dísíkò gbòde ní ìparí ẹ̀wádún náà, onílé ijó rí i pé ẹnìkan tó ń yí àwo dínwó ju ènìyàn mẹ́fà tó nílò ẹ̀rọ, ọkọ̀ àti oúnjẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ijó ṣe bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Mo fún The Wings ní òkìkí, mo fún MonoMono ní orin. Ṣùgbọ́n BLO ni mo kọ sókè ìwé, nítorí ìlà Laolu kò dúró ní 1979. Ẹ tẹ̀lé e dé 1989, sórí àwo Ace ti Ṣínà Peters tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá jó sí, ẹ wo orúkọ ẹni tó darí ìgbasílẹ̀ rẹ̀: Laolu Akins. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún gbé àwo yẹn sí i, ìlù ni kí ẹ kọ́kọ́ fetí sí.