Òtútù mú mi nínú oòrùn Airport Road

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ ní Abuja, tẹ́ ẹ dẹ̀ ń wo oṣù kẹta bí ẹni pé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú oṣù kejìlá, ẹ jókòó ká sọ̀rọ̀. Èmi kì í ṣe kóòṣì o, èmi kì í ṣe dókítà, òṣìṣẹ́ ìjọba lásán ni mí, Kubwa ni mò ń gbé, Sátidé ni mò ń gun kẹ̀kẹ́ àti àárọ̀ Wẹ́sidé tí mo bá rí ààyè. Àmọ́ oòrùn ti nà mí rí, mo dẹ̀ mọ ibi tí ẹgba ẹ̀ ti ń bà.

Ìdíje kékeré kan ni, tàwa tá à ń fi eré ṣe. Kìlómítà 80, ẹ gba Airport Road láti City Gate lọ sí ọ̀nà Gwagwalada, kẹ́ ẹ tún ṣẹ́rí padà. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n kọ pé a máa gbéra. Mo mu ògì, mo jẹ àkàrà ní aago mẹ́rin ààbọ̀, mo débẹ̀ ní aago mẹ́fà, ilẹ̀ tutù, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́, mo ní òní ni wọ́n máa mọ̀ mí. Àlejò pàtàkì tó máa ju àsíá ò dé. Aago méje kò dé. Aago mẹ́jọ wọ́n ní ó ti wà lọ́nà, ẹ̀yin náà ṣáà mọ "ó ti wà lọ́nà" ti Abuja. A dúró sórí ọ̀dà, kò sí ibòji, mo dẹ̀ ti mu ìgò omi kan tán níbi tí mo ti ń ya fọ́tò kiri. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n tó tú wa sílẹ̀. Ó yẹ kí n ti gbé kẹ̀kẹ́ mi lọ sílé, mo mọ̀. Àmọ́ mo ti sanwó, mo ti wọ jẹ́sì tuntun, ìyàwó mi ti fi fọ́tò mi sórí WhatsApp, ta ló máa padà sílé?

Ẹni tó bá mọ Airport Road mọ̀ pé kò sí igi tó ṣíji bo ọ̀nà yẹn. Oòrùn ń bọ̀ látòkè, ọ̀dà ń dá a padà látìsàlẹ̀, ẹ̀yin wà láàárín bíi búrẹ́dì nínú ààrò. Ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi kọ ooru 41°C. Lílọ dùn gan-an, afẹ́fẹ́ ń tì wá lẹ́yìn, eré ń yá, mo wà pẹ̀lú àwọn tó wà níwájú, mò ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé afẹ́fẹ́ tó bá ń tì yín lẹ́yìn kì í fẹ́ yín lára. Ẹ ń sáré, òun náà ń sáré, ẹ jọ ń lọ ni, kò sí nǹkan tó máa gbẹ òógùn yẹn kí ara lè tutù. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń gun òkè Mpape díẹ̀díẹ̀, tàbí tí iná tó ń darí ọkọ̀ bá dá yín dúró, ìgbà yẹn lẹ máa rí i tí òógùn máa da bo yín bí òjò.

Bá a ṣe ṣẹ́rí padà, afẹ́fẹ́ kojú sí wa. Pajápajá gbá ẹsẹ̀ mi òsì mú, mo nà án, ó lọ, ó tún padà. Omi tó kù nínú ìgò mi ti gbóná bí omi tíì. Lẹ́yìn ìyẹn ni òùngbẹ kàn dédé kúrò lọ́rùn mi. Mo wá rí i tí gbogbo irun ọwọ́ mi dìde, tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi nínú oòrùn aago méjìlá. Ẹ mọ nǹkan tí mo sọ? Mo ní Olúwa ti tù mí lára. Mo tún fi kún eré! Ẹ̀gbọ́n kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé, "Àbúrò, ṣé o wà ńbẹ̀?" Wọ́n ní orúkọ bàbá mi ni mo fi dá a lóhùn. Mi ò rántí. Ohun tí mo rántí ni pé a ti ń sún mọ́ Lugbe, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, mo dẹ̀ bá ara mi nílẹ̀ gbì.

Mallam kan tó ń ta wọ́tamẹ́lọ̀n létí títì ló gbé mi, mọ́tò ìtọ́jú tí wọ́n ní ó ń tẹ̀ lé wa ò sí nítòsí, wọ́n ní ẹ̀yìn àlejò pàtàkì ló wà. Mallam yìí wọ́ mi sábẹ́ agboòrùn ẹ̀, ó ṣí jẹ́sì mi, ó gbé omi tó fi ń fọ ọjà ẹ̀ ó dà á lé mi lórí, ó ní kí ọmọ kan sáré lọ ra píọ̀ wọ́tà tútù wá, ó kó o sí mi lọ́rùn àti abíyá, ó ń fi páálí fẹ́ mi, ó ṣáà ń sọ lédè Hausa pé "sannu, sannu, rana ce", pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, oòrùn ni. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé mi dé ọsibítù, mo ti mọ orúkọ ara mi. Dókítà tó tọ́jú mi ní ọkùnrin yẹn ló gba ẹ̀mí mi là, pé tí ara èèyàn bá ti gbóná kọjá 40°C tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ dẹ̀ ti ń dàrú, ẹ kọ́kọ́ mú un tutù níbi tó wà, lẹ́yìn náà lẹ ń gbé e lọ. Omi sí gbogbo ara, yìnyín sí ọrùn, abíyá àti ibi tí itan ti pàdé ara, kẹ́ ẹ máa fẹ́ ẹ. Tí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ má da omi sí i lẹ́nu o, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Tí òtútù bá mú yín lórí kẹ̀kẹ́ lọ́sàn-án oṣù kẹta, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ má sọ pé ó ku kìlómítà 5. Ẹ̀tàn tó wà nínú ooru ni pé ọpọlọ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣèpinnu gan-an ló máa kọ́kọ́ mú, torí náà lójú ọ̀nà kọ́ lẹ ti máa ṣèpinnu, ilé ni, lálẹ́ ọjọ́ Fúráìdè, nígbà tí orí yín ṣì pé. Èmi máa ń kọ tèmi sórí pátákó fíríìjì: aago tí mi ò bá tíì gbéra tí n máa padà, omi tí n máa mu, ibi tí n máa dúró.

Wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lọ́sibítù, ó dẹ̀ yé mi. Nínú agbára tí ara ń sun nígbà tẹ́ ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́, bí ìdá mẹ́rin, ẹyọ kan péré ló ń dé orí pẹ́dàlì, ìyókù ooru ni. Ẹ̀jẹ̀ kan náà tí ẹsẹ̀ ń bèèrè, awọ ara náà ń bèèrè ẹ̀ kó lè gbé ooru yẹn jáde, ọkàn á wá máa lù kìkìkì níbi eré tẹ́ ẹ ń sá wẹ́rẹ́ nínú oyẹ́. Torí náà ẹ má wo iyara tẹ́ ẹ sá ní oṣù kìíní kẹ́ ẹ sọ pé dandan lẹ máa sá a ní oṣù kẹrin. Ara máa ń kọ́ ooru o, àmọ́ bí ọjọ́ 10 sí 14 ló ń gbà á, tẹ́ ẹ bá ń jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó wà nínú AC látàárọ̀ Mọ́ńdè dé ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè bíi tèmi, ara ẹ̀ ò tíì kọ́ nǹkan kan.

Omi wá. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé mò ń mu tó. Mo wọn ara mi láìwọṣọ kí n tó jáde, 78 kílò. Wákàtí 2 lẹ́yìn náà, 76, bẹ́ẹ̀ mo mu lítà 1 lójú ọ̀nà. Kílò 1 tó bá lọ lára èèyàn tó bí omi lítà 1, ìyẹn ni pé òógùn lítà 3 ló jáde lára mi! Ikùn ò lè gba gbogbo ẹ̀ padà lórí kẹ̀kẹ́, àmọ́ ó jẹ́ kí n mọ̀ pé gbèsè wà nílẹ̀ tí n máa san nílé. Ní oṣù kẹta afẹ́fẹ́ ibí gbẹ débi pé òógùn ń lọ kẹ́ ẹ tó rí i, iyọ̀ funfun tó máa wà lára jẹ́sì yín ló máa sọ fún yín. Àwa tá a ti Èkó wá, ibẹ̀ ló ti ń tàn wá jẹ, a rò pé tí ara ò bá rin, a ò làágùn.

Àmọ́ ẹ má dẹ̀ máa da omi lásán sínú. Ọ̀dọ́ kan nínú ẹgbẹ́ wa mu píọ̀ wọ́tà bíi mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, ó ń bì, orí ń fọ́ ọ, a rò pé omi ló tún ń gbẹ ẹ́, àṣé iyọ̀ ara ẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀. Ẹ rántí omi iyọ̀ àti ṣúgà tí ìyá wa ń pò fún wa tá a bá ń yàgbẹ́ gbuuru? Òun náà ni. Píọ̀ wọ́tà 50cl méjì, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí wọ́n fọwọ́ gé orí ẹ̀, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Mo máa ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Dàbínù mẹ́ta mẹ́rin nínú àpò. Mi ò ra àwọn ìyẹ̀fun òkè òkun tí wọ́n ń pò mọ́ omi yẹn mọ́, owó ẹ̀ ti tó owó táyà.

Ti oògùn agbára tí àwọn ọmọ kan ń gbé sẹ́nu kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mi ò lè má sọ̀rọ̀. Tom Simpson, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé rí, ṣubú lórí òkè Mont Ventoux ní Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, ọdún 1967, oṣù keje, nínú ooru, ó dẹ̀ kú. Wọ́n bá amphetamine, irú oògùn agbára bẹ́ẹ̀, àti ọtí nínú ara ẹ̀. Oògùn yẹn ò fún èèyàn lágbára kankan ju pé ó ń di etí yín nígbà tí ara bá ń pariwo.

Yìnyín ni mo gbà gbọ́ jù báyìí. Alẹ́ Fúráìdè mo máa ń kó píọ̀ wọ́tà mẹ́fà sínú fírísà, ìyàwó mi ń ráhùn pé ẹran òun ò ráàyè. Méjì á wọnú ìgò, ìyókù mo máa fọ́ sínú sitọ́kìn rẹ̀ tó ti ya, mo máa so ó, mo máa kì í bọ ẹ̀yìn jẹ́sì ní ọrùn, ohun táwọn tó ń sáré ní Tour náà ń ṣe nìyẹn. Tí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́? Mi ò jáde jìnnà, mo máa yí po Jabi Lake mo sì máa padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń gba ààwẹ̀ ló gbọ́n jù wá, Ramadan 2024 àti 2025 tó bọ́ sínú ooru yìí, wákàtí kan ṣáájú ìṣínu ni wọ́n ń jáde wẹ́rẹ́, wọ́n á fi dé ibi omi àti fúrá gẹ́lẹ́ tí wọ́n bá pe ìrun.

Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ tí táyà ẹ̀ kún fọ́fọ́ sínú búùtù mọ́tò lọ́sàn-án o. Tèmi bú gbàà ní páàkì ọ́fíìsì, síkúríìtì dọ̀bálẹ̀.

Ìdíje mìíràn tún wà ní Sátidé tó kọjá. Aago méje ni wọ́n kọ, mo ti kọ aago mẹ́jọ sórí fíríìjì. Nígbà tó di aago mẹ́jọ tí a ṣì wà lórí ọ̀dà, mo já nọ́ńbà àyà mi, àwọn kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo gun kẹ̀kẹ́ mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ sí Lugbe. Mallam gé wọ́tamẹ́lọ̀n fún mi, ó bi mí pé eré ńkọ́. Mo ní àlejò pàtàkì ò tíì dé.