Ẹnu àbúrò mi ṣàdédé wọ́

Àbúrò mi obìnrin ń fọ ẹnu láàárọ̀ Sátidé kan, ó bu omi sẹ́nu kó fi ṣan án, omi náà kàn ń dà jáde lápá ọ̀tún ni. Ó pè mí. Bí mo ṣe wo ojú ẹ̀ báyìí àyà mi já, ẹnu ti wọ́ sápá òsì, ojú ọ̀tún ò ṣeé pa dé, funfun ẹyinjú kàn ń hàn ṣáá.

Kíá làwọn ará ilé ti pé jọ. Ẹnìkan ní wọ́n gbá a létí lójú oorun ni, ẹlòmíì ní atẹ́gùn tó fẹ́ sí i nínú mọ́tò lánàá ni, ìyá kan tiẹ̀ ti gbé ìkòkò àgbo kaná, wọ́n ní ká ní sùúrù kó hó. Mi ò bá wọn jiyàn o, rọpárọsẹ̀ nìkan ló wà lọ́kàn mi torí bàbá wa lẹ́jẹ̀ ríru, mo gbé e sínú Máruwá, ó di ọsibítù.

Dókítà ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó gbé e. Ó ní kó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò lọ́. Ó wá ní kó hun iwájú orí ẹ̀: apá òsì hun, apá ọ̀tún kàn ń dán ni, kò mira rárá. Ó ní Bell's palsy nìyẹn, àìsàn tó máa ń mú kí apá kan ojú ṣàdédé kú. Ọpọlọ apá méjèèjì ló ń darí iwájú orí, torí náà tí rọpárọsẹ̀ bá mú apá kan ọpọlọ, ẹnu lè wọ́ àmọ́ iwájú orí á sábà ṣì máa hun, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ojú fúnra ẹ̀ ló wú nínú ihò tóóró tó gbà kọjá nínú egungun ẹ̀gbẹ́ etí, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ojú yẹn ló máa kú látòkè délẹ̀. Kòkòrò àrùn herpes, èyí tó máa ń fa egbò ètè, tó ti ń sùn lára tipẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fura sí. Ó tún yẹ etí ẹ̀ wò bóyá nǹkan sú síbẹ̀ bí ilẹ̀ẹ́gbóná, torí ìyẹn náà lè fà á, ó sì máa ń le jùyẹn lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ohun tí mo kọ yìí jókòó sílé máa wo iwájú orí ara yín. Abẹ́rẹ́ tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ, láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n máa ń gún un, ká ní rọpárọsẹ̀ ni, ibi tá a ti ń dúró de àgbo lásìkò ti máa lọ. Kódà tí ojú bá padà sípò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣì lọ.

Prednisolone, oògùn tó ń mú kí wíwú lọ sílẹ̀, ni wọ́n fún un, wọ́n ní ó dáa ká tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Ojú yẹn ló gbà mí lọ́kàn jù, drọ́ọ̀pù lọ́sàn-án, tó bá dalẹ́ mo máa rọra fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ pa kó má baà gbẹ. Tó bá fẹ́ mu ẹ̀kọ, á fi ìka di ètè mú.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo rí i tó mu ẹ̀kọ tán láìfi ọwọ́ kan ètè.